TÁBÀ ALÁÌLÉÈÉFÍN LÁÀRIN ÀWỌN ELÉRÉ BÉÈSÌBỌ́Ọ̀LÙ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌTÀN RẸ̀ ÀTI EWU RẸ̀ FÚN ÌLERA

Àṣamọ̀

Bí a bá dárúkọ ewu tábà, sìgá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Iṣẹ́ yìí gbé ojú kúrò lára sìgá, ó sì ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn tábà tí a ń jẹ tàbí tí a ń kì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàrin àwọn eléré béèsìbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di àsìkò yìí. Ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn ni pé, kí ni ó fà á tí àṣà tí àwọn oníṣègùn ti fi ewu rẹ̀ hàn láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò fi tètè kúrò lórí pápá ìṣeré? Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí rí gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn: agbára àṣà láàrin àwọn eléré, ọgbọ́n òwò àwọn ilé-iṣẹ́ tábà, àti àlàfo tí ó wà nínú òfin. Ní ìparí, a tọ́ka sí ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè rí kọ́ nínú ìtàn náà.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò mu wẹ́kú. Gbogbo ayé ni ó gbà pé eré ìdárayá ń fún ara lókun. Ìdí nìyí tí a fi fi í sínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀kan lára àwọn eré ìdárayá tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí ń ba ara jẹ́ ti bá eré náà gbé fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, débi pé ọ̀pọ̀ òǹwòran kò rí i bí ohun àjèjì mọ́. Béèsìbọ́ọ̀lù ni eré náà; tábà aláìléèéfín ni ohun tí ó bá a gbé.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé ráńpẹ́ nípa eré yìí fún òǹkàwé tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń figa gbága, eléré 9 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní. Ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré kan. Ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò fi kóńdó gbá a, yóò sì sáré yí ibùdó mẹ́rin tí a sàmì sí lórí pápá po. Ìdúró àti ìjókòó inú eré náà pọ̀ ju sísáré lọ. Nínú líìgì tí ó ga jù lọ, ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kópa nínú rẹ̀ ní sáà kan, láìka ti àṣekágbá. Ẹnu tí ó bá dilẹ̀ fún irú àsìkò gígùn bẹ́ẹ̀ yóò wá ohun tí yóò máa jẹ.

A yan ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ náà: àkọsílẹ̀ òfin, ìwádìí àwọn oníṣègùn, àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn eléré tí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí ní gbangba. Ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a sọ ohun tí tábà aláìléèéfín jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó tọ ipasẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àsìkò yìí, kí a tó wá sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀.

2.0 Ohun tí Tábà Aláìléèéfín Jẹ́

Tábà aláìléèéfín ni gbogbo oríṣi tábà tí a ń lò láìfi iná sí i. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Aṣáà tí àwọn àgbà ń fà símú tàbí tí wọ́n ń fi sẹ́nu wà lábẹ́ ìsọ̀rí yìí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oríṣi méjì ni ó gbilẹ̀ jù láàrin àwọn eléré. Èkíní ni tábà jíjẹ, ìyẹn ewé tábà tí a fi ohun dídùn sí, tí a ń kì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí a ń rún lẹ́nu, tí a sì ń tu omi rẹ̀ dànù. Èkejì ni aṣáà tútù, ìyẹn tábà lílọ̀ tí ó ní ọ̀rinrin. Ẹni tí ń lò ó yóò fi ìka méjì bu díẹ̀, yóò fi í sí àárín ètè àti èrìgì, yóò sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kì í rún un.

Ohun tí ó so àwọn oríṣi wọ̀nyí pọ̀ ni nikotíìnì. Nikotíìnì ni èròjà inú tábà tí ń sọ ènìyàn di ẹrú rẹ̀. Bí tábà bá wà lẹ́nu, nikotíìnì yóò gba ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kì í tètè gun orí bíi ti sìgá, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ jù ú lọ. Ó ń mú kí ọkàn máa lù kìkì, ó sì ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́yìn eré yóò bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti ní lè jí láàárọ̀ láìfi í sẹ́nu.

Nikotíìnì nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń sá ewé tábà, tí a sì ń mú un kan, àwọn èròjà kan tí a ń pè ní nitrosamines máa ń jẹ yọ nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n wà lára ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, èyí tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti fi tábà aláìléèéfín sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun, àti ti ẹ̀yà inú tí a ń pè ní pánkíríásì ni àjọ náà dárúkọ. Yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ, èrìgì ibi tí a ń fi tábà sí máa ń sún kúrò lára eyín títí gbòǹgbò eyín yóò fi hàn síta, àpá funfun a sì máa yọ sí awọ inú ẹnu.

Ó yẹ kí a fi kún un pé agbára wọn kò dọ́gba. Oríṣi aṣáà tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Sweden, èyí tí wọ́n ń pè ní snus, kò ní èròjà nitrosamines tó ti ọ̀pọ̀ aṣáà Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní nikotíìnì nínú gbogbo wọn.

3.0 Bí Àṣà Náà Ṣe Dé Orí Pápá

Kí Columbus tó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1492 ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń mu tábà, tí wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń fà á símú. Ọwọ́ wọn ni àwọn ará Yúróòpù ti kọ́ ọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tábà jíjẹ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà débi pé agolo ìtutọ́sí wà ní ilé-ẹjọ́, ní ilé-ìtura àti nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1869 ni ẹgbẹ́ Cincinnati di ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ ní gbangba pé gbogbo eléré òun ni òun ń san owó oṣù fún; ní ọdún 1876 ni wọ́n dá líìgì tí wọ́n ń pè ní National League sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn eléré ìgbà náà kọ́ ni wọ́n dá àṣà tábà jíjẹ sílẹ̀. Àṣà àwùjọ wọn ni wọ́n gbé dé orí pápá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí pápá, ó rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Pápá ìgbà náà kún fún eruku, tábà ẹnu sì ń mú kí itọ́ máa sun, kí ọ̀fun má baà gbẹ. Àwọn eléré ń tu itọ́ náà sí ìbọ̀wọ́ aláwọ wọn kí awọ náà lè rọ̀. Àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù sì ń fi í pa bọ́ọ̀lù lára, nítorí pé bọ́ọ̀lù tí itọ́ wà lára rẹ̀ a máa ṣẹ́ kọ́nà lójijì bí ó bá ti ń bọ̀. Itọ́ tábà àti erùpẹ̀ a máa sọ bọ́ọ̀lù di dúdú, ẹni tí yóò gbá a kò sì ní tètè rí i.

Ní ọdún 1920 ni àwọn aláṣẹ líìgì fi òfin de fífi itọ́ pa bọ́ọ̀lù. Wọn kò de gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yọ àwọn ajubọ́ọ̀lù 17 tí a ti mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe é títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì. Burleigh Grimes ni ó gbẹ̀yìn wọn, ọdún 1934 ni ó sì kúrò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1920 kan náà ni bọ́ọ̀lù ba Ray Chapman ti ẹgbẹ́ Cleveland lórí ní New York, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n túbọ̀ ń tètè pààrọ̀ bọ́ọ̀lù tí ó bá ti dọ̀tí. Kí òǹkàwé fi ọgbọ́n yíyọ àwọn àgbà sílẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ohun méjì ni ó dín tábà jíjẹ kù láàrin àwùjọ lápapọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rù ikọ́ ife. Ní ọdún 1882 ni Robert Koch ti ilẹ̀ Jámánì ṣàwárí kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1896, ìlú New York ti fi òfin de títutọ́ sí ibi tí èrò ń gbà. Èkejì ni ẹ̀rọ tí James Bonsack ṣe fún wíwé sìgá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, èyí tí James Buchanan Duke fi sọ sìgá di ohun olówó pọ́ọ́kú. Sìgá gba ipò, ó sì gba àwọn eléré náà mọ́ ọn. Láàrin ọdún 1909 sí 1911, àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá ń fi àwòrán àwọn eléré béèsìbọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá wọn kí ọjà lè tà. Nígbà tí yóò fi di àárín ọ̀rúndún ogún, ojú àwọn gbajúmọ̀ eléré ti wà lára ìpolówó sìgá káàkiri. Tábà jíjẹ kúrò ní ìgboro, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí pápá. Ibẹ̀ ni ó fara pamọ́ sí.

4.0 Ìpadàbọ̀ Tábà Aláìléèéfín, 1964 sí 1986

Ní ọdún 1964, ọ̀gá àgbà oníṣègùn fún ìjọba Amẹ́ríkà, Luther Terry, gbé ìròyìn jáde pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, òfin lé ìpolówó sìgá kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣàn. Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n òfin náà kò mẹ́nu kan tábà aláìléèéfín. Òfin gbọ́ ti ètè, ó gbàgbé làpálàpá. Làpálàpá náà sì fẹ́ di ètè mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe aṣáà tútù gba ọ̀nà àlàfo yìí wọlé. Wọ́n gbé àwọn gbajúmọ̀ eléré sórí tẹlifíṣàn. Walt Garrison, tí ó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ́ àwọn òǹwòran bí a ti ń fi ìka bu aṣáà díẹ̀ sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Wọ́n ń kó agolo aṣáà lọ fún àwọn eléré lọ́fẹ̀ẹ́ nínú yàrá ìmúra wọn. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ U.S. Tobacco gbé aṣáà inú àpò pẹ́lẹ́bẹ́ kan jáde, èyí tí wọ́n pè ní Skoal Bandits. Ìwé abẹ́nú ilé-iṣẹ́ náà tí ó hàn síta lẹ́yìn-ọ-rẹyìn fi hàn pé èyí tí kò le ni wọ́n fẹ́ kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó máa gun àkàbà lọ sí èyí tí ó le. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìdààmú kò yọ eré ọmọdé sílẹ̀. Ní ọdún 1980, àwọn eléré méjì, Rob Nelson àti Jim Bouton, gbé ṣingọ́ọ̀mù kan tí wọ́n pè ní Big League Chew jáde. Wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ bíi tábà, wọ́n sì dì í sínú àpò bíi ti tábà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ó rọ́pò tábà lẹ́nu eléré. Ṣùgbọ́n àwọn kan bi wọ́n léèrè pé, ọmọ tí ó fi ṣingọ́ọ̀mù kọ́ bí a ti ń ki ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ni yóò kì síbẹ̀ bí ó bá dàgbà?

Àbájáde rẹ̀ hàn kedere. Láàrin ọdún 1970 sí 1986, iye àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 sí 19 tí ń lo aṣáà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà di ìlọ́po 15 iye tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbàlagbà inú ìlú kọ́ ni wọ́n mú aṣáà padà wá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń wo eléré ni.

5.0 Ohun tí Ìmọ̀ Ìṣègùn Fi Hàn

Ní ọdún 1981, Deborah Winn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ North Carolina tí wọ́n ń lo aṣáà gbígbẹ. Wọ́n rí i pé láàrin àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun, ewu jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun fún ẹni tí ń lo aṣáà láìmu sìgá fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti ẹni tí kò lò ó lọ. Ní ti jẹjẹrẹ èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyẹn ibi tí aṣáà ń jókòó sí gan-an, ewu náà sún mọ́ ìlọ́po 50 fún àwọn tí wọ́n ti lò ó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìwádìí yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ó ya aṣáà sọ́tọ̀ kúrò lára sìgá.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé dé ọ̀dọ̀ aráàlú ni ikú Sean Marsee. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ́ asáré-ìje ní ilé-ìwé girama Talihina ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, àmì-ẹ̀yẹ 28 ni ó sì gbà. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣáà tútù sẹ́nu. Ní ọdún 1983, egbò yọ sí i lórí ahọ́n. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra, ṣùgbọ́n àrùn náà ti tàn dé ọrùn. Ní oṣù kejì ọdún 1984 ni ó kú, ọmọ ọdún 19 péré. Ìyá rẹ̀, Betty Marsee, gbé ilé-iṣẹ́ U.S. Tobacco lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 1986, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Ìyá pàdánù ẹjọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ ti dé etí àwọn aṣòfin.

Ní ọdún 1986 kan náà, C. Everett Koop, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba nígbà náà, gbé ìròyìn jáde pé tábà aláìléèéfín ń fa jẹjẹrẹ, ó ń sọ ènìyàn di ẹrú, kò sì ṣeé fi rọ́pò sìgá bí ohun tí kò léwu. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó lé ìpolówó rẹ̀ kúrò lórí rédíò àti tẹlifíṣàn, tí ó sì pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ wà lára agolo rẹ̀. Ọdún 15 ni ó wà láàrin òfin ti sìgá àti èyí. Odidi ìran àwọn ọ̀dọ́ kan ni ó ti dàgbà láàrin rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aṣèwádìí wá kọjú sí àwọn eléré béèsìbọ́ọ̀lù fúnra wọn. Virginia Ernster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹnu àwọn eléré àti àwọn olùkọ́ni tí wọ́n lé ní 1000 wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ń lo tábà aláìléèéfín ni ó ní àpá funfun nínú ẹnu, níbi tí wọ́n ti ń fi tábà sí. Lára àwọn tí kò lò ó, ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ní i. Ní ọdún 1995, àwọn aṣèwádìí tún fi iye àṣeyọrí àwọn eléré lórí pápá wé ara wọn. Kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàrin àwọn tí ń lò ó àti àwọn tí kò lò ó. Èyí já irọ́ àwọn tí ń sọ pé tábà ń la ojú àwọn tàbí pé ó ń mú kí ọwọ́ àwọn yá.

6.0 Àwọn Eléré tí Wọ́n Sọ̀rọ̀ Jáde

Jẹjẹrẹ kì í yọ ní ọjọ́ tí a fi tábà sẹ́nu. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Bill Tuttle gbá béèsìbọ́ọ̀lù nínú líìgì àgbà láti ọdún 1952 sí 1963 fún ẹgbẹ́ Detroit, Kansas City àti Minnesota. Tábà jíjẹ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó hàn nínú àwòrán rẹ̀ kan pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú. Ní ọdún 1993, ọdún 30 lẹ́yìn tí ó ti fi eré sílẹ̀, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un pa ojú rẹ̀ dà. Kò fi ojú náà pamọ́. Òun àti Joe Garagiola, eléré àtijọ́ tí ó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn, ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan sí òmíràn kí àwọn ọ̀dọ́ eléré lè fi ojú ara wọn rí i. Tuttle kú ní oṣù keje ọdún 1998, ọmọ ọdún 69.

Ti Tony Gwynn ni ó mi eré náà jìgìjìgì jù. Ẹgbẹ́ San Diego Padres nìkan ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún láti ọdún 1982 sí 2001. Ìgbà 8 ni ó gba ipò kìíní nínú gbígbá bọ́ọ̀lù ní líìgì rẹ̀, ìgbà 3,141 ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù tí ó já sí rere. Ní ọdún 2010, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀yà ara tí ń sun itọ́, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ etí. Gwynn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé aṣáà tí òun ti ń kì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìgbà èwe ni ó fà á. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ọmọ ọdún 54. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Curt Schilling, ajubọ́ọ̀lù àtijọ́, kéde pé òun ní jẹjẹrẹ ẹnu, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru tábà tí òun jẹ fún ọdún 30.

Ibí yìí ni ó yẹ kí òpìtàn ti ṣọ́ra. Ẹ̀rí àwọn oníṣègùn múlẹ̀ ṣinṣin lórí jẹjẹrẹ inú ẹnu, ṣùgbọ́n kò múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ẹ̀yà tí ń sun itọ́. Nítorí náà, a lè sọ pé Gwynn gbà pé aṣáà ni ó pa òun. A kò lè sọ ọ́ bí ẹni pé ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìyàtọ̀ tí a ṣe yìí kò dín ewu aṣáà kù. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dáàbò bo òtítọ́, nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ká olùkọ́ mọ́ ibi àsọdùn kan, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

7.0 Òfin, Àdéhùn àti Àwọn tí a Yọ Sílẹ̀

Àwọn líìgì kéékèèké ni ó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀. Ní ọdún 1993, wọ́n fi òfin de tábà fún gbogbo eléré àti olùkọ́ni wọn. Ní ọdún 1994, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, NCAA, ṣe bákan náà. Kí ni ó dé tí líìgì àgbà kò fi tẹ̀ lé wọn? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn eléré líìgì àgbà ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó lágbára, àwọn agbanisíṣẹ́ kò sì lè pa òfin iṣẹ́ dà láìbá wọn jókòó ṣe àdéhùn. Ẹgbẹ́ náà sọ pé àgbàlagbà ni àwọn, àti pé ohun tí òfin orílẹ̀-èdè kò kà léèwọ̀ ni àwọn ń lò.

Àdéhùn ọdún 2011 kàn gé ẹ̀ka igi náà ni, kò fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní kí eléré má ṣe kó agolo tábà sínú aṣọ eré níwájú òǹwòran, kí ó má sì fi tábà sẹ́nu bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn ikú Gwynn ni àwọn ìlú gbé ọ̀rọ̀ náà wọ abẹ́ àṣẹ tiwọn. San Francisco ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin ní ọdún 2015 pé kò gbọdọ̀ sí tábà aláìléèéfín ní pápá ìṣeré. Boston, Los Angeles, Chicago àti New York sì tẹ̀ lé e. Ní ìparí ọdún 2016, àdéhùn tuntun wáyé: eléré èyíkéyìí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì àgbà láti ọdún 2017 kò gbọdọ̀ lo tábà aláìléèéfín lórí pápá. Àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè máa lò ó lọ, àfi níbi tí òfin ìlú bá ti dè é.

Òǹkàwé yóò rí i pé ọgbọ́n ọdún 1920 ni wọ́n tún lò. Nígbà náà, wọ́n yọ ajubọ́ọ̀lù 17 sílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì; ní ọdún 2016, wọ́n yọ odidi ìran eléré kan sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í dá ìjà sílẹ̀, ó sì ń mú kí òfin dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ná ènìyàn pọ̀. Itọ́ ara bọ́ọ̀lù ń ba eré jẹ́ ni. Aṣáà ń ba ẹni tí ń ṣeré jẹ́.

8.0 Ojú Tuntun tí Àṣà Náà Gbé Wọ̀

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Àpò kéékèèké funfun tí ó ní nikotíìnì ṣùgbọ́n tí kò ní ewé tábà nínú ti wà lọ́jà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 2014. Kò ní tábà, nítorí náà òfin tí a kọ nítorí tábà lè máà dè é. Èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ nínú rẹ̀ kéré jọjọ sí ti aṣáà, ṣùgbọ́n nikotíìnì rẹ̀ lè sọ ọ̀dọ́ di ẹrú bákan náà. Àlàfo ọdún 1971 ni ó tún ṣí sílẹ̀ yìí.

Béèsìbọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni ó kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ka títa snus léèwọ̀ láti ọdún 1992, ìwádìí tí Yunifásítì Loughborough àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n dáhùn ni ó ń lo snus tàbí àpò nikotíìnì. Láti ọdún 2012 ni àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá ti ń ṣọ́ nikotíìnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kà á léèwọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa tààrà, nítorí pé líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé wa ń wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí lílo tábà láàrin àwọn àgbàlagbà ní ọdún 2012 fi hàn pé nǹkan bí ẹni 2 nínú 100 ni ó ń lo tábà aláìléèéfín. Òfin Ìdarí Tábà ti ọdún 2015 sì ka títa tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n ó kéré ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà rí kí àwọn eléré tó gbé e sójú ọ̀dọ́.

9.0 Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ohun mẹ́rin ni a lè mú lò nínú ìtàn yìí ní iyàrá ìkàwé àti lórí pápá ìṣeré.

(i) Àwòkọ́ṣe lágbára ju ìkìlọ̀ lọ. Ìkìlọ̀ wà lára agolo láti ọdún 1986, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ eléré ni ọmọ ń wò. Olùkọ́ eré ìdárayá tí ó ń fi aṣáà tàbí sìgá sẹ́nu lójú akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ òsì pa ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ rẹ́.

(ii) Ó yẹ kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi ìpolówó léèrè pé: ta ni yóò jèrè? Ìtàn agolo ọ̀fẹ́ inú yàrá ìmúra jẹ́ àpẹẹrẹ tí ọmọ girama yóò tètè lóye.

(iii) Kí olùkọ́ máa sọ ìwọ̀n òtítọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lo aṣáà ni jẹjẹrẹ yóò mú, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ó mọ bàbá àgbà tí ó lò ó tí ó sì dàgbà. Ohun tí a lè sọ ni pé ewu náà ga fíìfíì, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ṣáájú bóyá òun ni yóò kàn.

(iv) Kí a má ṣe gbàgbé ìrètí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ àpá funfun inú ẹnu wọn ni ó pòórá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 péré tí wọn kò fi tábà sẹ́nu. Ọmọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kò tíì sọnù. Ó yẹ kí ó gbọ́ èyí lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀.

10.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé tábà aláìléèéfín bá àwùjọ wọ orí pápá béèsìbọ́ọ̀lù, ó rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ó sì fara pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí àwùjọ kọ̀ ọ́. Àlàfo òfin ọdún 1971 fún àwọn oníṣòwò láàyè láti gba ọwọ́ eléré dá a padà sí àwùjọ. Ìmọ̀ ìṣègùn tètè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọdún 31 ni ó wà láàrin ìròyìn Koop àti àkókò tí líìgì àgbà kọ́kọ́ de eléré tuntun. Tuttle àti Gwynn kò rí ọjọ́ náà.

Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ olùkọ́ lógún jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́ orí tí Sean Marsee fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 wà ní ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ girama kékeré. Iwájú wa gan-an ni ó ń jókòó sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ilé-iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà pẹ̀lú agolo, ó yẹ kí olùkọ́ ti débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀.